Edé Ẹlẹ́yin Tí Mo Fi Kí Ọ̀gá Omi

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti ki súwẹ́tà bọ ẹrù mi títí àpótí ò fi fẹ́ pa dé. Ìkíni ló bà mí lẹ́rù. Mo rìn lọ sí èbúté ìlú kékeré tí mo dé sí, mo bá bàbá arúgbó kan tó ń tún ìgèrè ṣe, mo sì fẹ́ kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, n kò rí i. Nígbà tó sú mi, mo ní, "Bàbá, ẹ ń ṣiṣẹ́." Ó wo ìgèrè ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Ó bá ń bá tirẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe pàdé Bàbá Jọ́ọ̀jì nìyẹn. Jọ́ọ̀jì lásán ló ní kí n máa pe òun. Ẹni tó ju bàbá tó bí mi lọ́jọ́ orí! Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. A fa ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn títí kó tó rẹ̀ ẹ́, ó wá gbà pé kí n máa pe òun ní Bàbá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èbúté sì fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó lọ bímọ sí Áfíríkà kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò owó ni mo lọ kọ́, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ etí omi ni mí. Abúlé wa wà lẹ́yìn Abigi, níbi tí odò kékeré wa ti ń tú sínú ọ̀sà, bàbá mi sì ni olórí àwọn apẹja níbẹ̀. Kí n tó mọ alífábẹ́ẹ̀tì ni mo ti mọ bí a ṣe ń hun ìgèrè tí edé máa wọ tí kò ní rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, tí mo sì ń wá iṣẹ́ ọwọ́, Bàbá Jọ́ọ̀jì ní orúnkún ń dun òun, òun ń wá ẹni tó máa bá òun fa ìgèrè láti inú òkun. Mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìsinmi parí, n kò padà sí kíláàsì. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Nínú kíláàsì yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá mo wá tàbí n kò wá, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, tí mo bá fà, okùn á bọ̀.

Òkun wọn dúdú bí aró, òtútù rẹ̀ sì ń gé ọwọ́. Ní ìpápánu àárọ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni Bàbá Jọ́ọ̀jì máa ń fi sáàárín búrẹ́dì. Ọmọ mùsùlùmí ni mí, mo ní rárá. Kò bínú. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń gbé ẹyin sísè méjì wá, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé e kó má baà tutù. Mo jẹ ẹyin inú ìbọ̀sẹ̀ yẹn títí tí mo fi ní ọkọ̀ tèmi.

Tẹlifóònù ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yọ lápò. Wàá kọ̀wé sílé láti dá ọjọ́, wàá lọ jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn obìnrin tó ń so wáyà á máa pe ara wọn láti ìlú dé ìlú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bàbá mi á wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, á wọ lọ́rì, títí dé Òkè-Sopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi Sìkírátù lọ́kọ sí. Ọkọ rẹ̀ ń bá oníṣòwò gẹdú kan ṣiṣẹ́, oníṣòwò náà sì ní tẹlifóònù lórí tábìlì ní ìtòsí ẹ̀rọ ìlagi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe ilé, ariwo ẹ̀rọ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ariwo ayùn, ọkàn mi á lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi.

"Ta rè é?" Bàbá ń pariwo bí ẹni pé ohùn rẹ̀ gan-an ni kó gba ojú omi kọjá.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrìn."

"Ọma mi! Ọma Alárè! Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ùwé ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé mo ti fi ìwé sílẹ̀, pé ọkọ̀ edé ni mo wà.

"Edé?" ni Bàbá pariwo lórí ariwo ayùn. "Edé tí wẹ́n ń pa lẹ́yìn ulé wa níbí náà lo wá lọ pa ní ìlú òyìnbó?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n..."

"Ọma àwọn ará Jápàrà ìtòsí ibí ń bọ̀ wá di lọ́yà. Tàwọn tí Òkè-Sopẹ́n ti di dókítà tán. Kí ni mo fẹ́ wí ní mọ́ṣáláṣí? Pé tèmi di apẹdé? Ṣé edé tibẹ̀ mọ̀wé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ó dùn mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n ní ọkọ̀ tèmi, tí àwọn òyìnbó fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Bí n kò bá ní in, màá padà wálé wá bá yín fa ìgèrè, n kò ní janpata."

Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tèmi ni mo ń rò jí, òun ni mo ń rò sùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò sì rọrùn bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ti rò pé òkun tó tóbi tó yẹn kò lè ní olúwa. Àṣé omi wọn ní òfin ju ọjà lọ. Wọ́n ti ka iye ọkọ̀ tó lè pa edé ní etíkun yẹn, kò lè fi ẹyọ kan lé. Bí ògbólógbòó kan ò bá jáde, tuntun kan kò lè wọlé, ìgbìmọ̀ èbúté ló sì máa sọ ẹni tó máa wọlé. Ojú ìgèrè gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí edé kékeré lè bá ibẹ̀ jáde lọ dàgbà. Èyí tó bá tún bá wa wọlé nínú wọn, a ó jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ bí ẹni jọ gàrí, àwọn tó bá jò á padà sínú omi láàyè. Oṣù kan wà láàárín ọdún tí omi máa ń wà ní títì pa, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju ìgèrè. Ohun tí a bá sì pa lójoojúmọ́, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá edé ń pọ̀ sí i tàbí ó ń tán lọ.

Ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo èyí ni ọkùnrin gíga kan tó máa ń dé fìlà dúdú, tó ní ìwọ̀n kékeré onídẹ lápò. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá Omi. Kì í kí èèyàn, kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá ti ń bọ̀ ní etí èbúté, àwọn apẹja tó ń pariwo á dákẹ́ wẹ́lo, á mú edé kan nínú apẹ̀rẹ̀, á fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n láti ojú dé ìrù, á gbé e kalẹ̀, á lọ.

Àwọn tó kù ń ráhùn sí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bàbá mi ni mo ń rí lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Bí òjò bá ti rọ̀ tó rinlẹ̀, àwọn abo edé tó ti gbé ẹyin sábẹ́ ìkùn á máa sọ̀ kalẹ̀ nínú odò wa lọ síbi omi iyọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pa ẹyin sí. Ní àsìkò yẹn, Bàbá á ri òpó méjì sí ẹnu odò, á wí Bìsìmílà, á na màrìwò láti òpó dé òpó. A ó ní Bàbá ti so omi. Kò sẹ́ni tó máa ju ìgèrè síbẹ̀ títí Bàbá á fi tú màrìwò kúrò. Lọ́jọ́ tó bá tú u, àwọn edé ẹlẹ́yin tó bá wọ ìgèrè àkọ́kọ́, wọn kì í ṣe ọjà. Ti Bàbá ni. A ó to àwọn tó sanra jù sórí ewé nínú apẹ̀rẹ̀ tuntun, àwọn ọ̀dọ́ á gbé e wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, Bàbá á sì fi wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà. Bí a ṣe bá a láyé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ ló mú mi mọ Mojísọ́lá. Mo ń dá gbé, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ́kọ́ tò ó lórí kí n tó sọ ọ́. Ní Sátidé kan, mo dúró níwájú pòtétò ní ọjà, mo ń rò ó bóyá a lè fi rin ìkọ́kọrẹ́ dípò ewùrà. N kò mọ̀ pé mo ń sọ ọ́ síta. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ní ẹ̀yìn mi ní, "Má dán an wò. Mo ti dán an wò. Lẹ́ẹ̀ ìwé ló máa dà."

Mo yíjú. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà, òun sì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìlú náà. Inú mi dùn débi tí mo fi fẹ́ sunkún ní iwájú pòtétò. A sọ Ìjẹ̀bú títí wọ́n fi ń palẹ̀ ọjà mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo ti gbàgbé ń jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara mi sì móoru fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé.

Ní àkókò yẹn ni Bàbá Jọ́ọ̀jì sọ fún mi pé orúnkún òun ti wí tirẹ̀, pé òun ò ní pẹ́ kúrò nínú omi. Kò lọ́mọ tó fẹ́ òkun. "Bí omi bá ṣí lọ́tẹ̀ yìí," ló wí, "màá gbé orúkọ rẹ síwájú ìgbìmọ̀." Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá inú ọkọ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀la kí omi ṣí, ó tún ní, "Má gbàgbé o. Àwọn tó bá gbé ẹyin sábẹ́ ìkùn, wọn kì í ṣe ti ọjà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin onífìlà yẹn nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé wa."

Inú rẹ̀ dùn pé mo ti mọ̀ ọ́n. Inú tèmi náà dùn. Àwa méjèèjì bá gba ilé wa lọ.

Ọjọ́ kejì, òun wà níwájú tó ń tukọ̀, èmi wà lẹ́yìn tí mò ń fa ìgèrè. Ẹ ò rí edé! Mo ń yọ àwọn ẹlẹ́yin sọ́tọ̀, àwọn tó sanra jù, mo tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ tuntun tí mo fi owó ara mi rà. Kò sí ewé iran, ewé kábéèjì ni mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, gbogbo èbúté ló kún, àwọn ìyàwó apẹja, àwọn oníbàárà, àwọn ìgbìmọ̀ gan-an. Ọ̀gá Omi dúró láàárín wọn. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo lọ bá a, mo gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí òkúta tútù.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "omi ti ṣí, a ò ní ríjà omi. Ẹ gba tiyín."

Ẹyẹ òkun nìkan ló ń ké. Ọ̀gá Omi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì mú edé kan, ó yí ikùn rẹ̀ sókè, ẹyin rẹ̀ ṣù gbàgbà.

"Ta ló ní kó o kó ìwọ̀nyí wá sí èbúté?"

"Àṣà ni, sà," ni mo wí láti ilẹ̀.

Bàbá Jọ́ọ̀jì bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀, ó rí apẹ̀rẹ̀, ó rí mi nílẹ̀. Ó jókòó lórí òkìtì okùn, ó bo ojú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Àṣé inú omi ni kí n ti dá wọn padà, láàyè, lójú ẹsẹ̀ tí mo rí wọn. Ẹni tó bá gbé edé ẹlẹ́yin gúnlẹ̀, wọ́n lè gba àṣẹ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ Bàbá Jọ́ọ̀jì tí mò ń retí, èmi fúnra mi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi lé lọ yẹn.

Nígbà tí mo rò ó fún Mojísọ́lá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "O jí ẹran, o gbé e lọ fún ọlọ́pàá, o tún dọ̀bálẹ̀ fún un! Kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe irú èyí láyé bí kò ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú etí omi." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Bàbá arúgbó yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n máa fi í ṣe?" Mo ti oúnjẹ tó gbé síwájú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbìmọ̀ pè wá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nítorí náà mo sọ̀rọ̀. Mo sọ ti màrìwò, mo sọ ti Bìsìmílà, mo sọ pé Bàbá Jọ́ọ̀jì ò mọ̀ sí i, pé ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ bù fún ẹni tó ń ṣọ́ omi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá Omi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé tí bàbá rẹ fi ń so omi?"

"Kí àwọn ìyá edé lè ráyè lọ pa ẹyin, sà."

"Bó bá tú u tán, kí ni ó ń fi àwọn ìyá edé tó kù ṣe?"

"Ó ń jẹ wọ́n, sà."

"Ó so omi nítorí wọn, ó tún wá ń jẹ wọ́n?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bẹ́ẹ̀. Olórí ìgbìmọ̀ wò mí, ó ní, "Lọ wá èsì sí ìyẹn. Bó o bá rí i, kó o padà wá." Wọ́n fi àánú gba Bàbá Jọ́ọ̀jì là, wọ́n ní kí ọkọ̀ rẹ̀ dúró nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ti èmi, wọ́n ní orúkọ mi kò gbọ́dọ̀ dé iwájú àwọn títí omi á fi tì tí á tún ṣí. Títí dìgbà náà, lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, kí n dúró ti Ọ̀gá Omi, kí n máa bá a wọn edé.

Mo pe ilé. Mo rò ó fún Bàbá láti orí dé ìdí, mo sì bi í ní ìbéèrè náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èmi ṣe rò ó. Ayùn ń ké.

"Ta ló bèèrè?"

"Ọ̀gá tó ń ṣọ́ omi níbí ni, Bàbá."

"Sọ fún un pé omi bàbá mi ni. Omi tí wẹ́n fi jẹ mí lóyè ni. Kì í ṣe òyìnbó ló máa wá kọ́ mi ní ohun tí mo máa jẹ." Ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè, Sìkírátù nìkan ni mo ń bá níbẹ̀. "Bàbá ní òun ò ráyè," ni yóò wí, èmi àti òun sì mọ̀ pé àyè wà.

Ọdún yẹn gùn. Mo dúró ti Ọ̀gá Omi nínú òjò àti yìnyín, tí mò ń wọn edé láti ojú dé ìrù. Kò kí mi, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ń fún mi ní ìwọ̀n onídẹ rẹ̀ mú. Mo wá rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Apẹja tó ń jí kékeré gbé kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á pé bí òun ò bá mú un, ẹlòmíì á mú un. Gbogbo òfin yẹn, kí ẹ̀rù má baà ba ẹnikẹ́ni ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó sì ń ṣe mí bákan pé nílé tiwa, edé ti ń wọ́n lọ́dọọdún, àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba abẹ́ màrìwò kọjá pẹ̀lú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Bàbá ń bú wọn. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn òun.

Mo máa ń bi ara mi léèrè pé ọmọ ibo ni mo jẹ́. Ní èbúté, àlejò ni mí, bó ti wù kí n pẹ́ tó. Nílé, bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ sí mi. Ìròyìn òmìnira Nàìjíríà dé nínú ọdún yẹn kan náà, àwọn apẹja ń bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo kú oríire, Bàbá Jọ́ọ̀jì ra tíì fún gbogbo èèyàn. Inú mi dùn, mo tún ń sunkún, nítorí pé èmi àti Mojísọ́lá nìkan la jọ kọ orin ọjọ́ yẹn ní èdè wa nínú yàrá kékeré.

Omi tì. Ó ku díẹ̀ kó ṣí nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí pé wọ́n ń pè mí láti Nàìjíríà. Èmi ni mo máa ń pè. Sìkírátù ni, ó ń pariwo lórí ariwo ayùn.

"Jókòó," ló wí. "Ṣé o ti jókòó? Bàbá tú omi ní àná. Wẹ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wá bá a bí wẹ́n ti í ṣe é. Edé ẹlẹ́yin kún un dẹ́nu. Wẹ́n dọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà ti jókòó ti ìkọ́kọrẹ́. Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀, ó kọjá lára wa, ó wọ inú odò títí omi fi kàn án láyà, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn!"

"Agbádá?"

"Agbádá Jímọ̀ rẹ̀! Ìyá ń ké pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó tú edé yẹn sómi gbogbo, ó ń fi ọwọ́ tì wọ́n lọ. Ó wá yíjú sí wa, ó ní, 'Ọma mi fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Ọdún kan ni mo fi ń bínú sí i, nítorí pé n kò lésì. Èsì nìyí. Èmi tí mo ń so omi, èmi kọ́ ni n óò jẹ ìyá edé mọ́. Ẹni tí ó bá tún fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ kọjá lábẹ́ màrìwò mi, kó wá wò mí lójú.' Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn kó àwọ̀n wẹ́wẹ́ wọn jáde fúnra wọn."

Mo jókòó nínú àpótí tẹlifóònù yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Obìnrin tó ń so wáyà ní kí ni ó ṣẹlẹ̀, ṣé èèyàn kú ni. Mo ní rárá o, bàbá mi ló wọ odò.

Nígbà tí mo dé iwájú ìgbìmọ̀, Mojísọ́lá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Bàbá Jọ́ọ̀jì. N kò sì tíì jókòó tí Ọ̀gá Omi fi bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ tọdún tó kọjá, bí ẹni pé àná la sọ ọ́.

"Bàbá rẹ ṣì ń jẹ wọ́n?"

"Rárá, sà. Ó ti dá wọn padà sómi. Agbádá Jímọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀."

Mo ní láti ṣàlàyé agbádá. Mo ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí kí olóyè wọ odò lójú àwọn èèyàn rẹ̀, kó sì sọ pé òun ti ṣàṣìṣe tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìwọ lo rí èsì náà, àbí òun?" ni Ọ̀gá Omi bèèrè.

"Òun ni, sà. Èmi ò ṣe ju pé mo gbé ìbéèrè yín délé."

Wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni kankan ò takò ó. Bàbá Jọ́ọ̀jì ló pariwo jù nínú yàrá, òun tí orúnkún rẹ̀ kò gbà kó dìde, ó dìde. Ọkọ̀ di tèmi, nọ́mbà èbúté wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fi ọ̀dà funfun kọ Ọma Alárè, oríkì àwa Ìjẹ̀bú tí Bàbá fi ń pè mí, sí iwájú rẹ̀. Títí di òní, kò sí òyìnbó tó pè é dáadáa, gbogbo wọn ló sì ń gbìyànjú. Mojísọ́lá ní bí mo bá ti lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, òun náà á gbà láti fẹ́ mi. Ó fẹ́ mi lóòótọ́.

Bí mo ṣe ń jáde níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọ̀gá Omi ni. Ó ṣí fìlà dúdú rẹ̀, n kò rí i rí láìdé e, irun funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bá mi kí ọ̀gá omi ti ọ̀dọ̀ yín."

Mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo dá ọjọ́. Ní ọjọ́ náà, ayùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn tí n kò gbọ́ fún ọdún kan gbáko.

"Ta rè é?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo ti ní ọkọ̀ tèmi. Wọ́n ti fọwọ́ sí i."

"Alihamudulilahi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọma mi, Alihamudulilahi."

"Ọ̀gá tó ń ṣọ́ omi níbí ní kí n bá òun kí yín. Ó ṣí fìlà. Ó ní kí n kí ọ̀gá omi."

Ayùn ń ké, ó ń ké. Mo wá gbọ́ tí Bàbá pariwo, kì í ṣe sí mi, sí àwọn tó ń la igi.

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Mo ní kí ẹ pa á!"

Ẹ̀rọ kú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ Òkè-Sopẹ́n, mo gbọ́ adìẹ tó ń kọ lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ bàbá mi tó dìde lórí àga.

"Gbogbo yín, ẹ wá gbọ́," ni ó wí. "Ẹ pe àwọn ará Jápàrà náà wá. Ọma mi tó pa edé ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ọ̀gá omi tibẹ̀ kí mi."